Bí A Ṣe Ń Múra Ìrìn Àjò Àkọ́kọ́ Nínú Ọkọ̀-Ilé: Láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lọ sí Etíkun Bretagne

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni motorhome rí, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, èyí tí n óò máa pè ní ọkọ̀-ilé láti ìsinsìnyí lọ. Ohun tá a máa ń gbàgbé nígbà tá a bá ń fi ìka tọ ojú máàpù ni pé ìgbín kì í sáré. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ọkọ̀-ilé kọjá sí ilẹ̀ Faransé, ìlú mẹ́sàn-án ni mo kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mẹ́rin péré ni mo dé. Ọkọ̀ ò bàjẹ́, ara wa sì le. Omi ló dá wa dúró: omi tá a ní láti pọn, omi ìdọ̀tí tá a ní láti dà nù, àti omi òkun tó kún bo ọ̀nà tá a fẹ́ gbà. Láti ìgbà náà, omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń rò kí n tó ro ibi tí mo fẹ́ lọ wò.

Bretagne ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, apá ìwọ̀ oòrùn àríwá ilẹ̀ Faransé tó yọ ṣónṣó sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì fẹ́ lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ò lè rí ibi tó rọrùn tó o. Fẹ́rì á já yín sílẹ̀ ní etíkun ibẹ̀ gan-an, wọn kì í gba owó tóòlù ní àwọn títì ńlá Bretagne, ìlú kéékèèké ibẹ̀ sì ti pèsè ibi tí ọkọ̀-ilé lè sùn sí.

Ẹ mú àsìkò kí ẹ tó mú ibi

Oṣù Kẹfà àti oṣù Kẹsàn-án ló dáa jù. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ilé ìwé wà ní ìsinmi ní ilẹ̀ Faransé, gbogbo ilé á sì tú dà sí etíkun. Ibi ìgbọ́kọ̀sí á ti kún kí ọ̀sán tó pọ́n, owó fẹ́rì á sì ti fò sókè. Ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ máa ń kọjá kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà ò ní máa wá ibi tí yóò sùn nínú òkùnkùn. Oṣù Kẹsàn-án ní tirẹ̀ ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ti oṣù Kẹfà lọ, nítorí òkun ti fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gba oòrùn sára. Òjò ò lóṣù o. Ẹ mú aṣọ òjò dání, kẹ́ ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, òru méje sí mẹ́wàá tó. Tó bá kéré sí i, ọjọ́ fẹ́rì méjèèjì á jẹ ẹ́ tán.

Fẹ́rì

Brittany Ferries, ilé iṣẹ́ fẹ́rì kan, ló ń ná ọ̀nà Plymouth sí Roscoff àti Portsmouth sí Saint-Malo. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Roscoff ló dá a sílẹ̀, torí pé wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọn óò fi gbé ewébẹ̀ wọn dé ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ọdún 1973 ni ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní ojú tèmi, ó yẹ kẹ́ ẹ gba ọ̀kan lọ kẹ́ ẹ sì gba ìkejì bọ̀: ẹ wọlé ní Roscoff, ẹ jáde ní Saint-Malo. Ẹ ò ní tún ọ̀nà kan rìn lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn óò béèrè gígùn àti gíga ọkọ̀ yín, torí ìyẹn ni wọ́n fi ń bu owó. Ẹ má wo ìwé ọkọ̀ nìkan. Ẹ mú téèpù, kẹ́ ẹ wọn ọ́n pẹ̀lú irin tẹ́ ẹ so kẹ̀kẹ́ mọ́ lẹ́yìn àti àpótí orí òrùlé. Wọ́n ń wọn ọkọ̀ ní èbúté, ẹni tó bá sì bu gígùn rẹ̀ kù á san ìyókù lójú gbogbo èèyàn.

Ẹ wọ ọkọ̀ òru, kẹ́ ẹ sì gba yàrá. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró nínú mọ́tò tí fẹ́rì bá ti ń lọ, orí àga kì í sì í ṣe ibi tí ẹni tó máa wakọ̀ ní apá ọ̀tún títì láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹ kó sùn. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ti gáàsì pa ní ẹnu sílíńdà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ní ibi ìdáná nìkan.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àti ìwọ̀n ẹrù tí kò ṣeé fojú rí

Ẹ má ra ọkọ̀-ilé kẹ́ ẹ tó háyà ọ̀kan rí. Tẹ́ ẹ bá ń háyà, ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ gbé e jáde kúrò nílùú, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé VE103, òun ló ń dúró fún ìwé ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kì í bá ṣe tiyín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú ṣàlàyé fún yín. Ẹ fi fóònù ya fídíò bí wọ́n ṣe ń fi bí fíríìjì ṣe ń tàn, bí wọ́n ṣe ń yọ àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí bọ́tìnì omi gbígbóná wà hàn yín. Ohun tẹ́ ẹ rò pé ó yé yín lọ́sàn-án yìí lè fò lọ tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ nínú òjò.

Ní ti ìwọ̀n ẹrù, ibẹ̀ ni àwọn tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ ti ń jìn sí kòtò, torí kò sí ohun tó ń dún tàbí tó ń tàn láti kì wọ́n nílọ̀. Láísẹ́ǹsì oní B kò kọjá ọkọ̀ tó wọn 3,500 kílò pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yege ìdánwò ìwakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1997 tó dé lè wa èyí tó tó 7,500 kílò. Nítorí èyí, oní 3,500 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìwé ọkọ̀ sọ pé kò sẹ́rù nínú rẹ̀, ó wọn 3,050. Wọ́n ti ka awakọ̀ sí kílò 75, wọ́n sì ti ka epo mọ́ ọn. Ó ku 450. Àgbàlagbà kejì jẹ́ 75, ọmọ méjì jẹ́ 60, ó di 315. Táǹkì omi tó gba lítà 100 jẹ́ kílò 100 gééré, ó di 215. Kẹ̀kẹ́ méjì pẹ̀lú irin tó gbé wọn jẹ́ 45, ó di 170. Aṣọ ìbòòrùn tó ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí wọn ò fi sí i nílé iṣẹ́ tó ṣe é, jẹ́ 30. Kílò 140 ló kù fún oúnjẹ, ìkòkò, àga, aṣọ, bàtà, ìwé àwọn ọmọ, àti ohun tí ìyá àwọn ọmọ ní a ò lè ṣe aláìmú dání. Ó lè tó. Ó sì lè má tó, ojú lásán ò lè sọ. Ẹ di gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀, kí gbogbo èèyàn wọlé, kẹ́ ẹ sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà. Tí ẹrù bá pọ̀ jù, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín kù: ẹ fi lítà 20 tàbí 30 rìn, kẹ́ ẹ kún táǹkì nígbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ máa sùn.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ju 3,500 kílò lọ, òfin tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé tún yàtọ̀: eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 110 ní wákàtí kan ní ojú títì márosẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ àmì tí wọ́n ń pè ní «angles morts», ìyẹn ibi tí ojú awakọ̀ ò dé, mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti fi òfin àmì yìí lélẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó rí òkun rárá, ẹ sun òru méjì nínú ọkọ̀ náà ní ibùdó ìpàgọ́ kan tí kò jìnnà sílé. Ẹ óò mọ ohun tẹ́ ẹ gbàgbé àti ohun tẹ́ ẹ kó lásán. Ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rìn ní pápá tó ṣófo títí ẹ̀rù á fi kúrò. Kẹ́ ẹ sì kọ gíga ọkọ̀, ní mítà, sórí ìwé ńlá, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀.

Ìwé

Pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yín ò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde. Ọjọ́ 90 nínú 180 ni wọ́n fàyè gbà. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní EES ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ojú tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka ní ẹnu ibodè, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìdúró.

Tí pásípọ́ọ̀tù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fẹ́ físà Schengen, ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò ní gbé yín wọlé. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti ń gba ìwé ìbéèrè, ẹ má sì jẹ́ kó kù sí ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Yúrò 90 ni fún àgbàlagbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò. Wọn óò béèrè ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Èyí lòdì sí ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ pé kẹ́ ẹ má ṣe sanwó gbogbo ibùsùn sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ físà ju ọ̀rọ̀ mi lọ: ẹ gba ààyè sí ibùdó ìpàgọ́ tó ń jẹ́ kéèyàn fagi lé e láìsan ìtanràn.

Ìyókù ò le. Ìwé ọkọ̀ tàbí VE103, láísẹ́ǹsì, ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀, àti ti àwọn tó máa wá fà yín tí ọkọ̀ bá dákú. Ẹ bi àwọn ti ìgbẹ̀yìn yìí bóyá wọ́n ń fa ọkọ̀ tó gùn tó tiyín. Káàdì GHIC fún ìtọ́jú ìlera, fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lára ọkọ̀: àmì UK, kì í ṣe GB mọ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, irin onígun mẹ́ta tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá dákú, àti ẹ̀wù tó ń kọ mànà, tó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ yín lè tètè bà á, kì í ṣe nínú àpótí ẹ̀yìn. Ẹ tún lẹ bébà tó ń darí iná iwájú sí apá ọ̀tún. Tí fóònù tàbí ẹ̀rọ atọ́nà yín bá ń ké tó bá rí kámẹ́rà tó ń mú ẹni tó bá sáré jù, ẹ pa á: òfin ilẹ̀ Faransé kò gbà á.

Ẹ mú ibi mẹ́ta péré

Fún òru mẹ́wàá, ibi mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni. Pointe du Raz, Carnac tó ní òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí àwọn ará àtijọ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Concarneau, gbogbo wọn ló ń wuni, àmọ́ apá gúúsù ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Etíkun àríwá ni kẹ́ ẹ fọwọ́ mú.

Èkíní ni Roscoff àti Carantec tó wà nítòsí rẹ̀. Roscoff ni ìlú àlùbọ́sà aláwọ̀ òdòdó tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń fi kẹ̀kẹ́ kiri láti ilé dé ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ń gbéni láti ibẹ̀ lọ sí erékùṣù Batz ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi kejì ni Perros-Guirec àti Ploumanac'h, bí ọgọ́rin kìlómítà sí ibẹ̀, níbi tí àpáta aláwọ̀ osùn ti kó jọ sí etí omi bí ẹni pé òmìrán kan kó wọn dà síbẹ̀. Ibi kẹta ni láti Cap Fréhel dé Cancale, ní ẹ̀gbẹ́ Saint-Malo tẹ́ ẹ ti máa wọ fẹ́rì padà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní GR34, tí àwọn aṣọ́bodè ń rìn láyé àtijọ́, tẹ̀ lé etí òkun kọjá ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ó kàn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, ẹ ó sì bọ́ sórí rẹ̀.

Ẹ má wa ọkọ̀ ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́. Wákàtí méjì tí ẹ̀rọ atọ́nà bá sọ, mẹ́ta ló máa jẹ́ fún ọkọ̀-ilé, ẹ ṣì máa ra epo, ẹ máa ra oúnjẹ, ẹ sì máa da omi ìdọ̀tí nù.

Òkun tó ń lọ tó ń bọ̀

Etíkun yìí kì í ṣe irú èyí tí omi ti máa ń dúró sójú kan. Ní Saint-Malo, nígbà tí omi bá fà lágbára, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà lè lé ní mítà 12, ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ó wà lára èyí tó ga jù ní Yúróòpù, ìdí sì nìyẹn tí ìjọba Faransé fi kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi ìkún òkun pèsè iná mànàmáná sẹ́nu odò Rance ní ọdún 1966. Orí rẹ̀ gan-an ni títì Saint-Malo sí Dinard gbà kọjá. Tí wọ́n bá ṣí afárá ibẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ wòran.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún àti ìṣẹ́jú àádọ́ta. Tó bá kún ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní, á kún ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la. Àwọn Faransé tún ń fi nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní «coefficient» wọn agbára rẹ̀, láti 20 títí dé 120. Bíi 45 jẹ́ ọjọ́ tí òkun ń ṣe jẹ́jẹ́. Tó bá ti lé ní 95, omi á fà jìnnà réré, á sì padà dé pẹ̀lú ìbínú. Nígbà òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú ló ń lágbára jù, pàápàá ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án. SHOM, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wọn òkun, ń gbé àkókò ìkún omi fún èbúté kọ̀ọ̀kan jáde. Ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò sábà máa ń ní ìwé pẹlẹbẹ tirẹ̀ pẹ̀lú; tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi wákàtí kan ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kún un, torí àwọn mìíràn kì í fi kún un.

Kí ló kan ètò yín nínú èyí? Ó kàn án gidi. Ní Carantec, ọ̀nà kan wà tó lọ sí erékùṣù Callot, tó jẹ́ pé ìgbà tí omi bá fà nìkan ló ń jáde. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, kẹ́ ẹ fi ọkọ̀-ilé sílẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì ti mọ wákàtí tẹ́ ẹ máa padà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan. Òun ni ọ̀nà tó dí mọ́ mi lójú lọ́jọ́sí: mo dúró sí etí rẹ̀ pẹ̀lú àpò oúnjẹ lọ́wọ́, omi sì ń ṣàn kọjá ibi tí àwọn èèyàn ti ń rìn ní ìṣẹ́jú ogún sẹ́yìn. Bákan náà ni Grand Bé ní Saint-Malo, níbi tí ibojì Chateaubriand, òǹkọ̀wé Faransé, wà. Omi kì í wá ní ìwọ̀n kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wákàtí kẹta àti ìkẹrin lẹ́yìn tó fà tán ni ó ń yára jù, ibẹ̀ ló sì ti ń mú àwọn tó rò pé àyè ṣì wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sí etí èbúté tàbí ibi tó rẹlẹ̀ létí odò, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí koríko òkun gbígbẹ lórí kọ́ńkéré, omi ń dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ní ti òórùn: nígbà tí omi bá fà tán, ẹrẹ̀ máa ń rùn. Ẹ má bínú sí ẹni tó fún yín láyè níbẹ̀, ní wákàtí mẹ́fà sí i ibẹ̀ á tún rí bíi fọ́tò tẹ́ ẹ rí nílé.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn, àti bí wọ́n ṣe ń da ìdọ̀tí nù

Ilẹ̀ Faransé ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní «aire de camping-car», ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ìjọba ìbílẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀-ilé. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, òmíràn á gba nǹkan bíi yúrò mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbà á, nítorí náà ẹ dé kí ọ̀sán tó rọ̀. Ibùdó ìpàgọ́ ti ìlú, «camping municipal», ní ilé ìwẹ̀ àti iná, owó rẹ̀ kì í sì í gani lára. Ètò France Passion tún wà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń pọn ọtí cidre ti ń gba ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti sun òru kan lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oko wọn. Wọn ò ní ẹ gbọ́dọ̀ ra nǹkan, àmọ́ ọmọlúàbí á kí wọn, á sì ra ìgò kan.

Ẹ ra òru àkọ́kọ́ àti òru tó kẹ́yìn sílẹ̀. Ẹ má sanwó ìyókù sílẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ.

Ẹ lè páàkì ọkọ̀-ilé síbi tí òfin bá ti gba mọ́tò mìíràn, kẹ́ ẹ sì wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé àga jáde, tẹ́ ẹ ta aṣọ ìbòòrùn, ìpàgọ́ ló dà yẹn, wọn ò sì gbà á ní etí òkun. Ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó kọjú sí omi ló ní irin tí wọ́n fi dábùú òkè ẹnu ọ̀nà, tó ga ní mítà méjì péré. Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ kọ gíga ọkọ̀ síwájú yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn ún sọ. Àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀-ilé sábà máa ń gba nǹkan bíi lítà 20. Èèyàn méjì á kún un láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìdílé oní mẹ́rin, ọjọ́ kan àtààbọ̀. Ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá rí i. Ní ibi ìdalẹ̀nù, tí wọ́n ń pè ní «borne», ẹ tẹ̀ lé ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí gan-an:

Ẹ wa ọkọ̀ sórí ojú àwọ̀n irin tó wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ẹnu táǹkì omi ìwẹ̀ àti omi abọ́, kó dà tán.
Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ yọ àpótí ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ dà á sí ihò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣàn án. Wọ́n sábà máa ń kọ «eau non potable» sí ẹ̀rọ yẹn lára: omi tí a kì í mu.
Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ fọ ọwọ́.
Ìgbà náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ sí ẹ̀rọ «eau potable», kẹ́ ẹ fi rọ́bà tiyín pọn omi mímu. Kẹ́ ẹ tó so rọ́bà mọ́ ọn, ẹ fọ ẹnu ẹ̀rọ náà, kí omi sì kọ́kọ́ ṣàn dà nù díẹ̀, torí ẹ ò mọ ẹni tó fi àpótí rẹ̀ kàn án lánàá.

Ó máa ń tó yúrò méjì sí márùn-ún. Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ àti káàdì dání. Ẹ má da omi abọ́ sínú gọ́tà ojú títì láé, inú òkun tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ wá ló máa bọ́ sí.

Iná àti gáàsì

Ní ibùdó ìpàgọ́, wọ́n máa ń ta iná ní 6 tàbí 10 «ampères». Oní 6 kò lè gbé ju 1,380 wáàtì lọ. Kẹ́tùlù iná tẹ́ ẹ mú láti ilé lè jẹ 2,500, iná á sì já. Ẹ fi gáàsì se omi. Ẹ ra okùn iná tó tó mítà 25 pẹ̀lú ohun tó ń so pulọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì Faransé oníhò méjì, torí àwọn ibùdó àtijọ́ ṣì ń lò ó.

Wọn kì í pààrọ̀ sílíńdà gáàsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Faransé. Campingaz, oríṣi sílíńdà gáàsì kan, ni wọ́n ń tà ní ilẹ̀ méjèèjì. Tí sílíńdà yín kì í bá ṣe ti Campingaz, ẹ jẹ́ kó kún kẹ́ ẹ tó lọ. Fún ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń tó.

Wákàtí àkọ́kọ́ lójú títì

Fíríìjì ni wọ́n lè kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ẹ kò gbọdọ̀ kó ẹran, wàrà, tàbí ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe wọ Yúróòpù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sáńdíwìṣì ẹlẹ́ran náà wà nínú rẹ̀. Ẹ fi fíríìjì sílẹ̀ lófo, kẹ́ ẹ rajà ní Roscoff. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ dé, ẹ rajà láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá máa ń tì tó bá di ọ̀sán.

Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí. Ọwọ́ á ti mọ́ ọn kó tó di ọ̀sán, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti dúró ra epo, tẹ́ ẹ sì tún gbéra ní títì tó dá, ni àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀. Kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa wí i sókè: «ọ̀tún, ọ̀tún.» Nínú ìlú, ní oríta tí kò bá ní àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà. Eré 50 nínú ìlú, 80 ní títì kékeré, 110 ní títì ńlá tí wọ́n pín sí méjì, tí òjò bá sì ń rọ̀, ó di 100. Dísẹ́ẹ̀lì ni «gazole» lẹ́nu ẹ̀rọ epo. Ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì, ojú títì gan-an ló sì máa ń ṣí sí níbẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má fò jáde.

Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ tẹ́ ráǹpù sábẹ́ táyà títí ọkọ̀ fi dúró gbọọrọ. Kì í ṣe nítorí oorun nìkan: fíríìjì tó ń lo gáàsì kì í tutù dáadáa tó bá dagun.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ ń padà

Ẹ sun òru tó kẹ́yìn ní Cancale tàbí nítòsí rẹ̀, kò ju kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí Saint-Malo. Lójú èbúté ibẹ̀, àwọn obìnrin àti ọkùnrin tó ń sin ìṣáwùrú òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní «huîtres», máa ń ṣí i fún yín lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ tì í, ẹ óò jókòó sórí òkúta jẹ ẹ́, ẹ ó sì ju ìkarahun sí etíkun bíi ti gbogbo èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ da táǹkì ìdọ̀tí àti àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ nù kẹ́ ẹ tó lọ sí èbúté. Àwọn tó háyà ọkọ̀ fún yín á gba owó ńlá tẹ́ ẹ bá dá a padà láìfọ̀, kò sì rọrùn láti rí ibi dà á sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Portsmouth láago méje alẹ́.

Ẹ tún wo inú fíríìjì. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò gba kí arìnrìn-àjò kó ẹran màlúù, ti àgùntàn, ti ẹlẹ́dẹ̀, wàrà tàbí wàràkàṣì láti Yúróòpù wọlé. Bọ́tà oníyọ̀ ti Bretagne wà nínú rẹ̀, ó sì dùn kọjá àlà. Ẹ ra búrẹ́dì kan sí i ní Saint-Malo, kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́ tán nínú ìlà kí wọ́n tó pè yín wọ fẹ́rì.